Kí O Tó Lu Agogo Lórí Aṣọ Àtíbàbà

Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́rú, lọ́wọ́ ọ̀sán.

Mọrẹ́nikẹ́, Àjíkẹ́ mi, ọmọ tí wọ́n máa ń pè ní àbúrò mi bí a bá jọ jáde,

Báwo ni Challenge? Ṣé omi ti ń yọ nínú ilé tí ẹ gbà? Ṣé ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé ti ṣíwọ́ títan rédíò sùn? Bàbá rẹ kí ọ. Àwọn àbúrò rẹ ní kí n rán ọ létí pé owó oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹni tó gbà á nìkan. Mo ti bá ọ dá wọn lóhùn, ohùn tí mo sì fi dá wọn lóhùn kò ṣeé kọ sínú lẹ́tà.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí ìyá mi ń kọ̀wé sí mi nígbà tí takisí kan ṣoṣo lè gbé e dé Dùgbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn, n ò sì fẹ́ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ tí etí pọ̀ sí. N ò lè dúró de ìgbà tí o máa wá sílé náà, nítorí ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ni, ìyá mi kì í sì í jìnnà sí ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn mi báyìí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ti bi mí pé iṣẹ́ ọmọ yunifásítì wo ni mo ń fi ọwọ́ kọ tí n ò fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: ní Sátidé tí o máa kọ́kọ́ lu agogo gbàǹjo, Ìyá Àgbà ń bọ̀ wá jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín. Kò ṣeré nígbà tó sọ ọ́.

Rántí ọjọ́ Àìkú. O dé síbí láti ṣọ́ọ̀ṣì, o ò tíì bọ́ bàtà, o ti ń ka ìwé ìkéde gbàǹjo yín sí i létí: awò ojú Bàbá Ajókòó, sálúbàtà rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀, kọ́ọ̀bù páànù tó fi mu omi lẹ́wọ̀n, àti aṣọ àtíbàbà. Inú rẹ ń dùn. O ní, "Ìyá Àgbà, nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, èmi ni ọ̀gá ní kí n lu agogo. Ẹ ṣàdúrà fún mi." Ó ṣàdúrà fún ọ, ó sì ṣe é kúnná. Ẹ̀yìn tí a ṣe àmín ló tó béèrè pé, "Kí lo dárúkọ gbẹ̀yìn yẹn?"

"Aṣọ àtíbàbà, mà."

"Ó dáa. Màá wá jókòó."

O ní, "Ẹ máa bọ̀ o! Màá bá yín wá àga tó ní tìmùtìmù."

"Ta ló béèrè àga lọ́wọ́ rẹ?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò. Ó ń fi ìka ka nǹkan lórí itan rẹ̀, ètè rẹ̀ sì ń mì. Orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù láyé ló ń kà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti ránṣẹ́ sí àwọn méjì ní Òjóò àti ẹnìkan ní Mọ́kọ́lá.

Bí wọ́n ṣe kọ́ yín ní ìtàn Bàbá Ajókòó nílé ìwé ni o ṣe mọ̀ ọ́n: pé ó jà fún òmìnira láì gbé igi, láì sọ òkò, pé gbogbo ohun tó ń sọ fún àwọn ènìyàn kò ju "Ẹ jókòó" lọ. Ohun tí wọn ò kọ́ yín ni bí oòrùn ṣe mú tó. Mo wà níbẹ̀, mo kéré, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́n tó ẹni tó ń rántí nǹkan. Ní ìlú wa lókè lọ́hùn-ún ni, níwájú ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi ńlá kan pé àwọn ò ní dìde títí ajẹ́lẹ̀ yóò fi jáde wá gbọ́ tẹnu wọn. Ajẹ́lẹ̀ kò jáde. Ó ní kí wọ́n gé igi náà, kí oòrùn lé wọn lọ sílé.

Wọ́n gé e. Kò sẹ́ni tó lọ sílé. Àwọn obìnrin, tí Ìyá Àgbà tó ń ṣe aládìrẹ nígbà náà wà nínú wọn, bọ́ ìborùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rán an pọ̀ lójú ibẹ̀ títí ó fi tóbi, àwọn ọkùnrin sì dì í mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè orí gbogbo wọn. Bàbá Ajókòó kọ̀, kò bọ́ sábẹ́ rẹ̀ àfi ìgbà tí ó gba gbogbo ènìyàn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé pẹ̀lú kóńdó, ẹnikẹ́ni ò gbọ́wọ́ sókè láti jà. Àwọn tó di aṣọ mú náà ò sì jù ú sílẹ̀. Wọ́n nà wọ́n, wọn ò jù ú sílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń mú Bàbá lọ sẹ́wọ̀n ni àwọn obìnrin ká aṣọ náà, tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ pé kó máa fi bora.

Ibi tí ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ Bàbá ní aṣọ tó wà nílé bàbá àwọn, ogún àwọn ni. Ìyá Àgbà ní, "A ní kó máa fi bora. A ò ní kó fi ṣe ogún."

Lọ́jọ́ Ajé tí ẹ lọ kó ẹrù ní Ring Road, Ìyá Àgbà wọ takisí lọ bá ọ̀gá rẹ ní Dùgbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Ó ní Bàbá Ajókòó kọ́ àwọn pé ẹni tí ẹ bá fẹ́ lọ jókòó níwájú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún un. Olè ló ń yọ́ wọlé. Ọ̀gá rẹ kò sọ fún ọ, àbí? Mo mọ̀ pé kò ní sọ. Ní àárọ̀ àná ni òun náà wa mọ́tò rẹ̀ wá síbí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó ṣe dáadáa, n ò ní fi í bú.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjà mi jẹ́. Nítorí aṣọ yẹn ni olówó kan ṣe ń bọ̀ láti Èkó. Mo ti ro ohun tí a máa ṣe. Kí olúkúlùkù yín wá gé tirẹ̀. Èmi fúnra mi á pèsè sísọ́ọ̀sì. Èyí tó bá kù, ká tà á."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Bí a bá gé e, oòrùn á wọlé."

"Mà?"

"Ajẹ́lẹ̀ gé igi, ìwọ fẹ́ gé aṣọ. Ọwọ́ ẹ̀yin ọ̀gá kì í balẹ̀ bí ẹ ò bá rí nǹkan gé?"

Ọ̀gá rẹ rẹ́rìn-ín tipátipá. Ó mu omi, ó dìde. Lẹ́nu géètì ló ti sọ fún mi pé òun ò ní lè jẹ́ kí ìyà jẹ òun nítorí ìyá àgbà ẹnikẹ́ni, pé bí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n lórí agogo yẹn ní Sátidé, òun á wá ẹlòmíràn. Mo ní mo gbọ́.

Nítorí náà, Àjíkẹ́, ìwọ lo wà láàárín. Bí o bá ṣe ti ọ̀gá, o ti lu agogo lórí ìyá rẹ àgbà. Bí o bá ṣe ti Ìyá Àgbà, iṣẹ́ tí o wá lọ́dún méjì lè bọ́. N ò wá pàṣẹ fún ọ. Ohun tí ojú mi ti rí ni mo fẹ́ sọ, kí o mú èyí tó bá wúlò níbẹ̀.

Àkọ́kọ́. Kí o tó bá ènìyàn du nǹkan, yọjú wo ẹni náà. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, tí o ṣì wà lẹ́yìn mi, òyìnbó olùkọ́ kan ní Bódìjà ń padà sílùú rẹ̀, wọ́n sì ń ta ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Fáànù onídùúró kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ fi ya bàbá rẹ lẹ́nu. Mo purọ́ fún un pé ìpàdé obìnrin ni mò ń lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe ń nawọ́ lórí iye tí wọ́n pè, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan ń nawọ́ lẹ́yìn òpó tí n ò rí. Inú bí mi. Mo ní lónìí, èmi àti ìwọ ni! Mo nawọ́, ó nawọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ fún wa. Nígbà tí wọ́n lu agogo, èmi ló já mọ́ lọ́wọ́. Mo wá yí òpó náà ká láti wo ẹni tí mo ṣẹ́gun. Bàbá rẹ ni, tó sọ fún mi pé ọ́fíìsì lòun ń lọ. Ó fẹ́ fi fáànù náà ya èmi lẹ́nu. Ó ní, "Ìwọ náà ni ìpàdé obìnrin?" Títí di òní, bí a bá ń jà, tí ẹnikẹ́ni nínú wa bá sọ pé "fáànù," ìjà parí.

Ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n kọ́ ọgbọ́n nínú rẹ̀. Àwọn tó máa jókòó sílẹ̀ ní Sátidé àti ẹni tó ń ta aṣọ, ilé kan náà ni wọ́n. Òpó kan ló dúró sí àárín wọn. Kò sẹ́ni tó ti yí i ká.

Èyí ló mú kí n lọ sí Bódìjà láàárọ̀ yìí láti rí àkọ́bí Bàbá Ajókòó. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Má jẹ́ kí ìfẹ́ ìyá rẹ àgbà sọ ọ́ di àgbà òṣìkà ní kékeré. Mo ti rò pé màá bá ọkùnrin kan tí ojúkòkòrò ń dà láàmú. Bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mo bá, tó ń ti bááfù sábẹ́ ibi tí àjà ilé ti ń jò. Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Ọmọ aládìrẹ. Wọ́n rán ọ wá bú mi ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Mo wá kí yín ni."

"Kí mi, kí o sì wòkè." Mo wòkè. Mo rí ọ̀run láti inú pálọ̀. Ó ní, "Bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó fún ará ìlú. Àwa ọmọ rẹ̀ ló dúró. A dúró de owó ilé ìwé, a dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Lónìí tí mo fẹ́ ta ohun tó fi sílẹ̀ fún mi kí n lè kan páànù, ìlú ti rántí pé òun ní aṣọ. Ta nínú yín ló ti wá wo bí mo ṣe ń sùn?"

Mo bá a ti bááfù kejì síbi tó yẹ. Nígbà tó yá, mo bi í bóyá ó ti tẹ́ aṣọ náà wò rí. Ó ní láti ìgbà tí bàbá òun ti kú, òun ò tú u. Ó ní, "Bí àwọn ìyá yẹn bá ní kí n má tà á, kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú mi ní Sátidé, màá wà níbẹ̀. Kí wọ́n má rán ọmọ sí mi."

Mo délé, mo ròyìn fún Ìyá Àgbà. Ó wá ní, "Ilé ọmọ Bàbá ń jò, kò sì sọ fún wa? A bo bàbá rẹ̀ lórí, òun la ò ní bò?" Mo rò pé ìyẹn á jẹ́ kó fi Sátidé sílẹ̀, mo sì béèrè. Ó ní, "Ìjókòó ni màá kọ́kọ́ jókòó. Bí a bá parí ìyẹn, a ó sọ ti òrùlé." O mọ ìyá mi.

Kí n má gbàgbé àwọn ohun kéékèèké. Jẹun kí o tó jáde ní Sátidé. Ẹni tí ebi ń pa máa ń yára gbà fún ẹni tó ń pariwo. Wọ bàtà pẹlẹbẹ. Bí àwọn oníbàárà ọkùnrin bá ń fi ọwọ́ fà ọ́ ní apá kí o lè ta nǹkan fún wọn, gbé agogo náà sí ọwọ́ ọ̀hún, kí o sì wò wọ́n lójú. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí wọ́n gbé àwọn arúgbó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, má fọwọ́ kàn wọ́n, má sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde. Àwọn ọlọ́pàá tó gbé Ìyá Àgbà nígbà náà sọ pé ó wúwo ju àpò iyọ̀ lọ, ó sì sanra ju ìgbà yẹn lọ báyìí.

Má sì rò pé iṣẹ́ gbàǹjo burú. Kò burú. Awò ojú Bàbá, ogún àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Sálúbàtà rẹ̀, tiwọn ni. Ọ̀pá àti kọ́ọ̀bù, tiwọn ni. Lu agogo lórí wọn kó dún dé Mọ́kọ́lá. Bí ẹni tó rà á bá fi sínú gíláàsì, tó ń fi han ọmọ rẹ̀, ó dáa. Bí owó rẹ̀ bá di páànù lórí arúgbó, ó tún dáa jù. Aṣọ yẹn nìkan ló yàtọ̀. Bàbá kò rà á, kò hun ún, wọn ò sì fi ta á lọ́rẹ. Wọ́n fi bò ó ni. Olówó Èkó lè ra aṣọ. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń ra ohun tí ènìyàn bọ́ lọ́rùn ara rẹ̀ kí oòrùn má bàa pa ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun ló sì ṣòro jù fún mi láti kọ. O ò tíì gbọ́n nígbà tí a pín ogún bàbá mi. O mọ̀ pé télọ̀ ni. Ìdí igi mẹ́ta la jẹ́, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta. Wọ́n pín in sọ́nà mẹ́ta. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, èmi ló fi kọ́ níṣẹ́, èmi ló ń bá a fi epo sí i, gbogbo ilé ló mọ̀. Olórí ẹbí gbé e sọ́dọ̀ ìdí igi kejì. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ó béèrè kí wọ́n tó gbé e: "Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?" Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì wo apá ọ̀dọ̀ mi. Mo ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo rò pé àwọn àgbà mọ ohun tí mò ń rò. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé e, wọ́n tà á ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, nítorí wọ́n bi mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa, ọmọ mi. Olórí ẹbí ń béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yin onígbàǹjo náà ń pè lẹ́ẹ̀mẹta kí agogo tó dún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé tiyín, iye owó nìkan lẹ ń béèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbìyànjú nìyí. Fi aṣọ náà ṣe ìgbẹ̀yìn. Má tà á ní kíká. Ní kí ọkùnrin mẹ́rin dì í mú ní igun rẹ̀, kí wọ́n nà án sókè, kí ọmọ Bàbá rí ohun tí kò tú wò láti ọjọ́ yìí, kí olówó Èkó náà rí bí ìborùn kan kò ṣe jọ èkejì. Kí o wá pè é. Lẹ́yìn tí o bá pè é lẹ́ẹ̀kejì, kí o tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, má béèrè owó. Béèrè bí wọ́n ṣe ń béèrè nídìí ogún: ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?

Kò sí òfin gbàǹjo tó ní o ò lè béèrè. Mo bi bàbá rẹ, òun náà ò mọ ọ̀kankan. Iṣẹ́ rẹ ni o ṣe, o ò sì ta ìyá rẹ àgbà. Bóyá ọ̀gá rẹ á lé ọ, n ò mọ̀. N ò ní tàn ọ́ pé kò ní lé ọ. Bó bá lé ọ, wá sílé. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé pọ̀ lọ́wọ́ mi, oúnjẹ ò sì wọ́n wa. Bí o bá sì yàn láti lù ú láì béèrè, ọmọ mi náà ni ọ́, n ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé.

Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè, mo bẹ̀ ọ́, dúró díẹ̀. Ìyá Àgbà kò ní dáhùn. Ó ní ẹnu tòun ti sọ tirẹ̀ ní Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ìdí òun ló kù tó máa sọ̀rọ̀. Mo ti sọ fún un pé n ò ní jẹ́ kó dá lọ. Èmi náà á wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú búbà aláwọ̀ ewé mi. Màá sọ fún ọmọ Bàbá, lójú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́, pé àwọn tó ni aṣọ yẹn ṣì wà láàyè, àti pé wọn ò mọ̀ pé ilé rẹ̀ ń jò. N ò sọ̀rọ̀ láàárín èrò rí láyé mi. Ó lè pẹ́ kí ohùn mi tó jáde. Má wò mí bí ìyá rẹ, má sì kí mi. Ṣáà gbé ọwọ́ dúró lórí agogo yẹn, kí o dúró dè mí.

Èmi ni, ìyá tó bí ọ,
tí wàá bá lórí ilẹ̀ ní Sátidé.